Ibi Tí Sò Ti Ń Di Dò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Òkìtóbà 1991

Lẹ́tà dé láti Ilora. Wọn yóò ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́ ní ọjọ́ Àìkú, 15 Dìsẹ́ńbà, àwa akọrin Òkè Àánú ti Fìdítì ni wọ́n sì fẹ́ kó kọ orin ìwọlé. Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n ní, "Olúkúnlé, àwọn akọrin Awẹ́ náà ń bọ̀ o. Má jẹ́ kí ojú tì wá."

Mo ní orin tuntun ni a óò kọ, èmi fúnra mi ni n óò sì ṣe é. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Bàtà mi ṣì tutù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Òkìtóbà

Mo ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ìgbà yí padà, Olúwa kò yí." Ẹsẹ kìíní wà ní kíì F, jẹ́jẹ́. Ní ẹsẹ kejì n óò gbé e lọ sí kíì C, kí ó dún bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Sò ti F náà ni dò ti C: ohùn kan ni, orúkọ ló yí. Ohun tó kù ni kí etí àwọn èèyàn gbà pé a ti ṣí kúrò nílé, iṣẹ́ fì sì nìyẹn, ìyẹn fà tí a gbé sókè díẹ̀. Bí fì bá ti dún, etí á máa wá sò. Bí a bá dé sò, a ó sọ ọ́ di dò, a ti dé ilé kejì nìyẹn. Mo fi fì àti sò sábẹ́ "Ìgbà" gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù títí iwájú orí mi fi ń gbóná. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí ní gbogbo àgbègbè yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Òkìtóbà

Ìdánrawò àkọ́kọ́. Èèyàn méjìlélógún. Sopránò dára. Adéwùnmí aránṣọ kó àwọn áltò jọ dáadáa, ó mọ sòlfá kà ju gbogbo wọn lọ. Àwọn tẹ́nọ̀ kò gbọ́. Wọ́n dé ibi fì, wọ́n kọ fà. Mo na ọwọ́ Jùwọ́nlọ káfíńtà ní pàṣán mẹ́ta nítorí òun ni olórí wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Òkìtóbà

Fà ṣì ni. Wọ́n ń dé ẹnu afárá, wọ́n ń padà sẹ́yìn. Mo kán pàṣán kan sára dùùrù. Mo mú òmíràn. Jùwọ́nlọ nawọ́ sí mi, ó ní, "Tíṣà, èmi náà lọ́mọ mẹ́ta o. N kì í ṣe ọmọ Píráímárì Fáìfù." Mo nà án bẹ́ẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kẹrosínì tún ti wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Òkìtóbà

Òjò. Ìdánrawò kò gún. Adéwùnmí ṣe àfojúdi, mo bá a wí. A tètè túká.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Òkìtóbà

Ohun tí mo kọ lánàá kò pé.

Adéwùnmí kò wá sí ìsìn. Àwọn áltò kọrin bí adìẹ tí òjò pa. Nígbà tí a délé, Fúnlọ́lá ìyàwó mi gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò bá mi jẹ ẹ́. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí ọmọ yẹn títí ó fi délé."

Bó ṣe rí nìyí. A ti kọ ọ́ dé ẹsẹ kejì nígbà kẹfà. Adéwùnmí na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ibi 'ìgbà' yẹn kò sọ ìgbà o. Igbá ló ń sọ. 'Igbá yí padà.' Bíi pé igbá ẹlẹ́kọ ló dojú dé." Àwọn sopránò bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa nílé ìwé. Dò dò ni ìgbà. Re mí ni igbá. Orin yín ń gòkè níbi tó yẹ kó tẹ́jú. Tí a bá dúró lójú kan náà, tí a wá…"

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbá a létí òsì. N kò mọ̀ pé ọwọ́ mi lè dún bẹ́ẹ̀. Ó ṣubú lu bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ gbá igi. Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ń ṣàn láti etí rẹ̀ wá sí ọrùn. Ó fi ìka kàn án, ó wo ìka náà. Kò sunkún. Ó mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó jáde sínú òjò.

Mo yíjú sí àwọn tó kù, mo ní, "Láti ẹsẹ kejì." Wọ́n sì kọ ọ́. Gbogbo wọn ló kọ ọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ.

Mo sì tún mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti ń gbọ́ igbá yẹn láti ọjọ́ kìíní.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Nòfẹ́ńbà

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń ti ilé ìwé bọ̀ nípa ọ̀nà oko ọsàn. Amos ẹ̀gbọ́n Adéwùnmí, ẹni tó ń la gẹdú, yọ sí mi pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì. Ó mú ẹ̀ka igi ọsàn kan lọ́wọ́, ẹ̀gún rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ń kọ́ èèyàn lórin?" Mo ní kó jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Ó fi igi náà gbá mi lẹ́nu. Àwọn méjèèjì dì mí mú.

Ó ní, "Ó yá, kọ ọ́. Dò." N kò kọ ọ́. Igi sọ̀ kalẹ̀ sí mi lẹ́yìn. Mo ní, "Dò." Ó ní, "Gòkè." Mo ní, "Re." Ó tún lù mí. Bí mo bá ṣe ń gòkè ni igi ń gòkè: ẹ̀yìn, èjìká, ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, fà mi sì dún bí ti ewúrẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé là, mo gbé apá òsì bo orí mi, igi sì bà á. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Amos náà gbọ́ ọ, nítorí ó dáwọ́ dúró, ó ju igi náà nù, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ láàárín àwọn ọsàn tó ti rà nílẹ̀.

Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ilé ìjọsìn. Wọ́n fi àáké la dùùrù. Jùwọ́nlọ ló wá sọ fún mi. Ó ní kò sí ibi tí òun lè tò pọ̀ nínú rẹ̀; eyín rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀ bí àgbàdo.

Ọ̀dọ̀ teguntegun, ẹni tó ń to egungun tó bá kán, ní Ilora ni wọ́n gbé mi lọ. Ó fi omi gbígbóná àti òrí ra apá náà, ó ní kí ọkùnrin mẹ́ta dì mí mú, ó wá fà á. Mo ké débi pé àwọn aláìsàn tó kù ń kí mi kú ìrora láti yàrá kejì. Ó to igi pẹlẹbẹ yí i ká, ó fi aṣọ dì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Nòfẹ́ńbà

Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé mú ọlọ́pàá méjì wá bá mi lórí ẹní. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo sọ ti igi, ti apá, ti dùùrù. Wọ́n bi mí kí ni mo ṣe fún ọmọbìnrin náà. Alàgbà ń wò mí. Mo ní, "Mo kàn fi ọwọ́ kàn án léjìká pé kó jókòó ni, ó sì yọ̀ ṣubú." Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n mú Amos nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 6 Nòfẹ́ńbà

Fúnlọ́lá pàdé ìyá Amos nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní obìnrin náà kò ké, kò ṣépè, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà: wọ́n ti lu eyín méjì dànù lẹ́nu Amos ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń so ó mọ́ fèrèsé. Adéwùnmí ti ti ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn dé. Àwọn dókítà ní awọ inú etí náà ti ya, ó sì ti ń ṣọyún. Kò ní fi gbọ́ nǹkan mọ́.

Fúnlọ́lá dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Èjìká lẹ ní ẹ fọwọ́ kàn, àbí?"

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Apá ń ro mí bí mọ́tò ṣe ń já sí kòtò. Sájẹ́ǹtì inú ibẹ̀ yọ̀ mọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo ọ̀rẹ́ yín?" Ó ní kí wọ́n mú Amos jáde. N kò dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ kan ti pa dé pátápátá, ètè rẹ̀ nípọn bí ọ̀dùnkún. Kí n tó la ẹnu, sájẹ́ǹtì ti gbá a létí. Lójú mi. Irú ìró yẹn kan náà. Ó ní, "Ṣé kí a fi kún un, Tíṣà?"

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa."

Mo tún un sọ nítorí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní mo gbá ọmọ náà létí, mo fọ́ etí rẹ̀, kì í ṣe èjìká. Mo ní mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Inú bí i gidigidi. Ó ní ṣé mo rò pé ìwé ìjọba ni mo lè máa fi ṣeré. Ó tì mí mọ́ ẹ̀yìn káńtà títí di ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì ń fi ìdí ìbọn gún mi lẹ́sẹ̀ nígbàkígbà tó bá kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí àwa méjèèjì kúrò lójú òun.

Níta, mo fẹ́ ran Amos lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sórí bàtà mi. Ó ní, "Má rò pé mo dúpẹ́ o. Tí ọ̀tún bá kán pẹ̀lú òsì, kò tíì tó."

Ọjọ́ Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀. Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé bínú, kì í ṣe nítorí etí Adéwùnmí, nítorí pé mo lọ yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "O sọ mí di òpùrọ́ níwájú ìjọba." Mo ní kí wọ́n gba ẹgbẹ́ akọrin lọ́wọ́ mi, kí wọ́n fún Adéwùnmí. Wọ́n ní, "Obìnrin? Tó tún jẹ́ adití?" Mo ní etí kan ló kù fún un, ó sì sàn ju méjèèjì tèmi lọ. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ sòlfá kà tó láti darí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sílé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ó ti wù kí apá náà máa dùn mí tó. Ìyá Amos ń se ẹ̀wà nínú àgbàlá. Wọ́n wò mí, wọ́n bu omi tó ń hó nínú ìkòkò náà, wọ́n sì dà á sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fò dìde. Awọ ẹsẹ̀ mi ti ń wú báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ní, "Èyí ni ti etí. Padà wá gba ti eyín."

Adéwùnmí jáde wá láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òwú funfun wà létí rẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí mi kí ó tó lè gbọ́ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́, mo ní kó gba ẹgbẹ́ akọrin.

Ó ní, "Èmi ni n óò darí. Ẹ̀yin á dúró sáàárín báàsì."

Mo ní ó dára.

"Kò ní sí pàṣán nínú ilé yẹn mọ́."

Mo ní ó dára.

"Màá tún orin yẹn ṣe, ẹ ò sì ní sọ̀rọ̀."

Mo ní ó dára. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà

Kò sí dùùrù. Adéwùnmí gbá irin ẹlẹ́ka méjì tí à ń fi wá ohùn mọ́ orúnkún rẹ̀, ó gbé e sí etí ọ̀tún, ó pa ojú dé, ó wá fún wa ní dò. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wá. Amos jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lórí itan. Ó ní bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, òun yóò gé e. Mo kó ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, òsì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó kọ́ mi lọ́rùn.

Ohun tí Adéwùnmí ṣe sí orin náà nìyí. Ó yọ fì kúrò lábẹ́ "Ìgbà". Ó gbé e fún àwọn tẹ́nọ̀, lórí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, kí wọ́n ti ibẹ̀ máa ti orin lọ sókè. Àwọn sopránò àti áltò wá dúró lórí ohùn kan ṣoṣo. "Ì" ni sò ti ilé àtijọ́. "Gbà" ni dò ti ilé tuntun. Wọn kò gòkè, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Ohùn kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni "yí" fò sí mí, "pa" bọ́ sí re, "dà" padà sí dò. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ìgbà ló sọ. Ìgbà yí padà. Kò sí igbá kankan níbẹ̀ mọ́, a sì ti wà nínú kíì C kí n tó mọ̀.

Jùwọ́nlọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín orin. Ó ti rí fì. Ó ní, "Àṣé òkè ló wà." Ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè rí i láìjẹ́ pé wọ́n na òun.

Ohun tí Adéwùnmí fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. "Tí a bá dúró lójú kan náà, tí a wá…" Bí mo bá jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú kan sí i, à bá ti rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà

Ogún èèyàn. Ẹsẹ̀ mi ti ń jinná. Jùwọ́nlọ àti Amos jà níta nítorí dùùrù. Jùwọ́nlọ ní ọdún mẹ́fà ni ìjọ fi rà á. Amos fi orí gbá a nímú. Adéwùnmí jáde, ó dúró sáàárín wọn, ó ní báàsì àti tẹ́nọ̀ kò tíì parí, kí ẹni tó bá fẹ́ kú lọ kú sílé ẹ̀. Jùwọ́nlọ wọlé, ó fi òwú dí imú, ó kọrin.

Ọjọ́bọ̀, 28 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ń ka èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Láti àná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Ìgboro dákẹ́ bíi pé gbogbo Fìdítì ti kó lọ. Àwọn ọmọ sùn lọ́sàn-án. Èmi àti Fúnlọ́lá ń bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Bàbá Fìyìn, ṣé ẹ kọ ti Adéwùnmí sínú ìwé tí ẹ máa ń kọ yẹn?"

Mo ní mo kọ ọ́.

"Ẹ kọ bó ṣe rí?"

Mo ní mo kọ bó ṣe rí.

Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti gbá èmi. Nígbà tí mo lóyún Fìyìnfólúwa, àti ọjọ́ tí wọ́n sin màmá yín. Ṣé ẹ kọ ìyẹn náà?"

Mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí, mo wá ìwé ọdún méjèèjì. Ní ọjọ́ kìíní, mo kọ ọ́ pé ọkà ti gbó ní Jóbẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ orúkọ gbogbo àlùfáà tó wá síbi ìsìnkú. Mo kó ìwé náà wá fún un. Ó kà á. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé. Ó ní kí n mú bírò wá. Ó dúró lé mi lórí títí mo fi kọ méjèèjì síbi tó yẹ kí wọ́n wà, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, àti ibi tí ọwọ́ ti bà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo èèyàn ń la. Èèyàn méjìlélógún ti pé padà.

Adéwùnmí tò wá bí a óò ṣe dúró ní Ilora. Sopránò sí ọ̀tún rẹ̀, áltò àti tẹ́nọ̀ sí iwájú, báàsì sí òsì pátápátá. Lẹ́yìn ìdánrawò mo sún mọ́ ọn, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo ní báàsì ló gbé orin náà ró nígbà tí a bá ń kọjá sí kíì C, ó yẹ kó máa gbọ́ wa, bóyá kí ó gbé wa sí ibòmíràn.

Ó ní, "Mo mọ̀, Tíṣà. Mo ń wo ẹnu Jùwọ́nlọ, mo sì ń wo àyà àwọn báàsì bí wọ́n ṣe ń mí. Ó tó mi." Ó ká ìwé rẹ̀ jọ. "Ohùn yín ni n kò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì dákẹ́."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé ọbẹ̀ kò ní iyọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà

Teguntegun tú apá mi. Ó wọ́ díẹ̀. Ìka méjì kò ká dé àtẹ́lẹwọ́. N kò ní lè tẹ dùùrù mọ́, bí dùùrù bá tilẹ̀ wà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Dìsẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ ọ́ lónìí kó má baà yí lọ́wọ́ mi.

Èrò kún Ilora débi pé àwọn kan dúró sórí gẹdú níta fèrèsé. Àwọn Awẹ́ kọ tiwọn, wọ́n ní dùùrù àti fèrè, ó dùn. Àwa jáde láìmú nǹkankan dání. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí wọ́n rí i pé obìnrin ló dúró níwájú wa. Ó gbé irin tí à ń fi wá ohùn sí etí, ó fún wa ní dò.

Ẹsẹ kìíní lọ jẹ́jẹ́. Kí a tó wọ ẹsẹ kejì, mo rí Jùwọ́nlọ tó mí sínú. Fì dún, tààrà, ó dúró ṣinṣin. Mo gbọ́ bí gbogbo ilé náà ṣe dákẹ́, tí wọ́n ń retí. "Ìgbà." Ohùn kan. A ti kọjá. Nígbà tí "yí" gòkè, ìyá arúgbó kan níwájú dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, àwọn tó kù sì dìde tẹ̀lé e. A parí, ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé tuntun náà lọ. Mo rí ojú Adéwùnmí nígbà tó yíjú padà sí ìjọ. Ọdún méjìlá ni mo ti mọ̀ ọ́n. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àlùfáà Ilora wá bèèrè ẹni tó ṣe orin náà. Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé nàka sí mi. Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún mi. Mo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣe ibi tó dùn jù níbẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin yìí ló ṣe é, mo ní nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo gbá a létí, mo fọ́ ọ, òun ló fi jẹ́ pé etí kan ló fi darí wa. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ìyá kan ké "Háà." Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ó ju ìwé orin sí mi, ó bà mí lójú. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé mi lórí bẹ́ẹ̀ náà, ó ní Ọlọ́run gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ara mi fúyẹ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà: ara mi fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, n kò rí ẹni tó kí Adéwùnmí kú orin. Gbogbo wọn ń kí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń wo etí rẹ̀. Àwọn kan ń pariwo sí i bí wọ́n ṣe ń pariwo sí adití, wọ́n ní ṣé ó ń dùn ún. Ìyá arúgbó tó kọ́kọ́ dìde fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ó mà ṣe o, ọmọ mi."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó yí ọ̀tún sí mi.

Ó ní, "Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n mọ òótọ́.

"Mo bi yín ta lẹ sọ ọ́ fún. Gbogbo Fìdítì ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Lónìí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí rí, mo jẹ́ ẹni tó darí orin fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ dìde, ẹ sọ mí di ẹni tí wọ́n gbá létí. Wọ́n gbàdúrà fún yín, ara tù yín. Kí ló kù fún mi níbẹ̀?"

Mo wá ohun tí n óò sọ. Mọ́tò kọjá Jóbẹ̀lẹ́, n kò tíì rí i. Mo mọ̀ pé kò sí igi tí Amos fi lù mí tó dùn mí tó èyí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ìyẹn fún un, èmi náà ni n óò tún máa sọ̀rọ̀ nípa ara mi.

Nígbà tí a dé Fìdítì, ó sọ̀ kalẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró nínú eruku, ó ka àwa méjìlélógún pé kò sí ẹni tó kù sẹ́yìn. Ó wá ní, "Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin. Orin Kérésìmesì. Báàsì kò gbọdọ̀ pẹ́." Èmi ló ń wò.

Mo ní, "Mo gbọ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Adéwùnmí. Àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí. Òun kò wò mí mọ́. Ó ti gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ Amos, ó ń lọ sílé.